Orí Ẹṣin Láìsí Ẹni Tó Gùn Ún: Ìtàn Ọ̀dà Olómi

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí àjèjì sí ohun tí a máa ń jíròrò níbí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Orí ẹṣin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: èyí tí a fi ọ̀dà olómi yà sórí bébà. Ohun tí mo pè ní ọ̀dà olómi ni ọ̀dà tí a fi omi pò, tí omi náà yóò gbẹ kúrò, tí àwọ̀ nìkan yóò ṣẹ́kù. Ìbéèrè mi kò sì le: ta ni ó kọ́kọ́ mú ẹlẹ́ṣin sọ̀ kalẹ̀, tí orí ẹṣin fi dá dúró nínú àwòrán gẹ́gẹ́ bí orí ènìyàn?

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tó gun ẹṣin ni iṣẹ́ ọnà ń bọlá fún. Ère ẹlẹ́ṣin pọ̀ láàrin wa: ó wà lára òpó ààfin, ó wà lára agere Ifá, ó wà lórí ère Ẹ̀pà ní Èkìtì. Ẹ wo òpó kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́, èyí tó wà ní Metropolitan Museum ní New York. Ọlọ́wẹ̀ yìí, tó papò dà ní ọdún 1938, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ní ayé rẹ̀. Jagunjagun kan jókòó gangan lórí ẹṣin, obìnrin kan ló sì ru ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin sókè. Bí ẹ bá fi ojú ẹni tó ń wọn nǹkan wò ó, ẹ ó ní ẹṣin náà kò tó ewúrẹ́. A kò gbọdọ̀ torí èyí rò pé agbẹ́gilére kò mọ bí ẹṣin ṣe tóbi tó. Ipò ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ara. Orí ẹlẹ́ṣin ni ó tóbi, nítorí pé orí ni ibùjókòó ìpín ẹ̀dá. Ẹṣin kàn jẹ́ àga tó ń rìn.

Ìdí wà tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin kì í ṣe ẹran ọ̀sìn gbogbo ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú igbó, eṣinṣin tsẹ́tsẹ́ tó ń fa àìsàn oorun kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, láti ọ̀dọ̀ Tápà àti Haúsá, ọ̀wọ́n gógó sì ni wọ́n. Ọ̀yọ́ tó fi ẹlẹ́ṣin kọ́ ìjọba ńlá rẹ̀ ní láti máa ra òmíràn lọ́dọọdún láti fi dípò èyí tó kú. Ọjà òyìnbó láti etí òkun wà lára ohun tí wọ́n fi ń rà wọ́n, owó ẹrú ni wọ́n sì fi ń ra ọjà òyìnbó náà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin tó wọ Ọ̀yọ́, ènìyàn wà tó jáde láì padà. Ẹni tó bá gun irú ohun bẹ́ẹ̀, dandan ni kí agbẹ́gilére kọ́kọ́ wo òun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni. Ní ọdún 1498, Albrecht Dürer, ọ̀gá ayàwòrán ará Jámánì, fi kálámù àti ọ̀dà olómi ya ẹlẹ́ṣin kan tó wọ ìhámọ́ra, àwòrán tó wà ní Albertina ní ìlú Vienna títí dòní. Ó kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pé irú ìhámọ́ra tó wà ní Jámánì nígbà náà nìyí. Ẹ ò rí i bí? Ìhámọ́ra ni ó ní òun ń yà. Dürer kan náà fi ọ̀dà olómi ya ehoro ní ọdún 1502, ó yà á débi pé ènìyàn lè fẹ́ máa ka irun ara rẹ̀. Ehoro rí ojú tó wò ó fún ara rẹ̀. Ẹṣin inú àwòrán 1498 ń ru ẹrù.

Ẹnìkan ti ṣáájú Dürer tó wo ẹṣin dáadáa: Pisanello, ará Ítálì, tó gbé ayé ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó fi kálámù àti yíǹkì ya orí ẹṣin láìsí ara, láìsí ẹlẹ́ṣin, àwọn bébà náà sì wà ní Louvre ní Paris. Nínú díẹ̀ lára wọn, wọ́n ti fi ọ̀bẹ la ihò imú ẹṣin náà, nítorí ìgbàgbọ́ ayé ìgbà náà pé yóò lè mí dáadáa bí ó bá ń sáré. Pisanello kò fi ojú ọgbẹ́ náà pamọ́, kò sì ṣe àsọdùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ ni àwọn bébà wọ̀nyí jẹ́ fún iṣẹ́ mìíràn. A kò yà wọ́n láti gbé kọ́ ara ògiri.

Ọkùnrin tó sọ ẹṣin di ẹni tó ṣeé dá yà, ní tèmi, ni George Stubbs. Ìlú Liverpool ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1724, iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ sì ń ṣe, nítorí náà awọ ẹran kì í ṣe ohun àjèjì lójú rẹ̀ láti kékeré. Láàrin ọdún 1756 sí 1758, ó gba ilé kan ní abúlé Horkstow ní Lincolnshire, ó sì lo bí oṣù mejìdínlógún níbẹ̀ tó ń tú òkú ẹṣin palẹ̀. Mary Spencer nìkan ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹṣin bá ti kú, yóò da ọ̀rá gbígbóná sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n má bàa wọlé, yóò sì fi ìkọ́ irin gbé òkú náà ró bí ẹni pé ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bó o: awọ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìpele ẹran kan tẹ̀lé òmíràn, títí yóò fi kan eegun. Bí ó bá ti bó ìpele kan, á yà á, á kọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹṣin kan gbà á tó ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ẹ ro ti òórùn ilé náà wò! Àwọn tó ń fín àwòrán sára irin ní London kọ̀ láti bá a ṣe iṣẹ́ yìí, ni ó bá fín in fúnra rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1766.

Ohun tí Stubbs rí nínú orí ẹṣin ni gbogbo ẹni tó ń yà á lónìí ń jẹ lórí rẹ̀. Láti abẹ́ ojú dé imú, ẹran tó wà láàrin awọ àti eegun kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí iṣan fi máa ń yọ lójú ẹṣin nígbà tó bá sáré tán. Ẹni tí kò mọ eegun náà yóò ya orí ẹṣin bí àpò tí wọ́n kó ìyẹ̀fun sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1762, Stubbs ya Whistlejacket, ẹṣin eré ìje kan tí ọlọ́lá kan ní, sórí aṣọ tó ga ju ènìyàn lọ dáadáa. Kò sí ẹlẹ́ṣin, kò sí gàárì, kò sí ìjánu, kò sí koríko lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí òfuurufú lókè orí rẹ̀. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé wọ́n fẹ́ kí wọ́n ya ọba sẹ́yìn rẹ̀ ni, tí wọ́n sì yí ọkàn padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gba ìtàn náà gbọ́. Ṣùgbọ́n pé wọ́n tilẹ̀ ní láti wá ìtàn tí yóò ṣàlàyé ibi tí ẹlẹ́ṣin gbà lọ, ìyẹn ti sọ púpọ̀ fún wa. Ọ̀dà olóròóró ni Stubbs fi yà á, kì í ṣe olómi. Ọ̀dà olóròóró sì ń fẹ́ yàrá, ó ń fẹ́ owó, ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó gbẹ. Ẹṣin alààyè kì í dúró de ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ibí ni ọ̀dà olómi ti wọlé, ibí náà sì ni ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ inú ìtàn yìí. Èròjà mẹ́ta ni kókó ọ̀dà olómi: ẹbu àwọ̀ tí a lọ̀ kúnná, omi, àti oje igi tí yóò lẹ ẹbu náà mọ́ bébà nígbà tí omi bá ti gbẹ. Oje náà, tí òyìnbó ń pè ní gum arabic, kò wá láti ilẹ̀ Arébíà gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Ara igi akaṣíà ni ó ti ń jáde, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Sudan. Ó wà ní Bọ̀rnó àti Yobe ní orílẹ̀-èdè tiwa náà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, wọ́n á ṣí èèpo rẹ̀ díẹ̀, oje á sun jáde, á sì le bí òkúta kékeré. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ìlú Saint-Louis ní ẹnu odò Sẹ̀nẹ̀gàl ni ibùdó òwò rẹ̀, àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì ń jà sí i. Àwọn ẹrú wà lára àwọn tó ń kó oje náà jọ ní aṣálẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń tẹ àwọ̀ sára aṣọ òwú ni ó ń ra èyí tó pọ̀ jù lọ. Díẹ̀ ni ó kan ayàwòrán. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà tó.

Ní nǹkan bí ọdún 1780, William Reeves ní London rí ọgbọ́n tí a fi lè ṣe ọ̀dà olómi ní ìṣù kékeré tó le, tí kì í fọ́, tí yóò sì yọ̀ǹda àwọ̀ ní kété tí búrọ́ọ̀ṣì tútù bá kàn án. Ẹgbẹ́ Society of Arts fún Reeves àti arákùnrin rẹ̀ ní ẹ̀bùn fàdákà ní ọdún 1781. Láti ìgbà náà, ayàwòrán lè kó gbogbo ohun èlò rẹ̀ sápò, kí ó gba ilé ẹṣin lọ. Ohun tí Òkè Ọya fún Ọ̀yọ́ ni ẹṣin. Ohun tí etí aṣálẹ̀ kan náà, níhà ìwọ̀-oòrùn, fún Lọ́ńdọ̀nù àti Paris ni oje tí a fi lẹ ẹṣin mọ́ bébà.

Ìtàn ọkùnrin kan so gbogbo èyí pọ̀ ju bí mo ṣe lè hùmọ̀ rẹ̀ lọ. Théodore Géricault, ọmọ Faransé, fẹ́ràn ẹṣin bí ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó ya orí ẹṣin funfun kan, tó kojú sí wa tààrà bí ẹni tó wá ya àwòrán ara rẹ̀. Ó wà ní Louvre. Ó lọ sí Íńgíláǹdì ní ọdún 1820, ó sì fi ọ̀dà olómi ya ẹṣin níbẹ̀, kì í ṣe ti ọlọ́lá nìkan, ti àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ èédú náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí ni àwòrán ńlá rẹ̀ ti ọdún 1819 nípa ọkọ̀ Méduse. Ọkọ̀ náà rì sórí iyanrìn Arguin, létí òkun Mauritania, ní oṣù keje ọdún 1816. Bí àádọ́jọ ènìyàn ni wọ́n kó sórí igi tí wọ́n so pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá, ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù láàyè. Níbo ni ọkọ̀ náà ń lọ? Saint-Louis ni, láti lọ gba ìlú oje igi padà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Géricault fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1824, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ìṣubú láti orí ẹṣin wà lára ohun tó dá a dùbúlẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró fún Géricault láti yà nínú àwòrán Méduse ni Eugène Delacroix. Ní ọdún 1823, ó kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ pé dandan ni kí òun kọ́ bí a ti ń ya ẹṣin, kí òun sì máa lọ sí ilé ẹṣin láràárọ̀. Ní ọdún 1825 ó lọ sí London, ó sì súnmọ́ Richard Parkes Bonington, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ gan-an nídìí ọ̀dà olómi. Àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ lo yàrá iṣẹ́ kan náà ní Paris lẹ́yìn náà. Láàrin ọdún 1825 sí 1829 ni Delacroix fi ọ̀dà olómi ya ẹṣin funfun kan tí mànàmáná dẹ́rù bà, tó wà ní ilé ọnà ìlú Budapest báyìí. Bébà kékeré ni. Ẹṣin náà gbé orí, ó yí ọrùn, irun ọrùn rẹ̀ ń fò nínú ìjì. Kò sí ẹni tó gùn ún. Ẹ̀rù náà, ti ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí àwọn tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Nínú ọ̀dà olómi, funfun kì í ṣe ọ̀dà, bébà ni. Ẹni tó ń lo ọ̀dà olóròóró lè parí orí ẹṣin tán kí ó tó fi funfun kán ìmọ́lẹ̀ sí eyinjú. Olómi kò rí bẹ́ẹ̀. Kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan bébà rárá, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò wà, kí ó sì yí i ká. Lóòótọ́, láti ọdún 1834 ni iléeṣẹ́ Winsor & Newton ti ń ta funfun kan tí a lè fi bò ó, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi ọkàn tẹ ìyẹn. Àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ jù la ń kọ́kọ́ fi, lẹ́yìn náà èyí tó ki díẹ̀, títí dé èyí tó dúdú jù nínú ihò imú. Bí ìpele kan kò bá tíì gbẹ, tí a gbé òmíràn lé e, wọ́n á ṣàn wọnú ara wọn. Èyí dára ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí awọ ti rọra yípo. Ó burú ní etí ojú, níbi tí ìlà gbọ́dọ̀ mú. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọlójú ẹṣin kò rí roboto bí tiwa, gígùn ni ó gùn lọ ní ìbú. Ọ̀pọ̀ àkọ́ṣe ló ń fún ẹṣin ní ojú ènìyàn, tí àwòrán náà á wá máa wo ni bí ẹlẹ́wọ̀n.

Ní àkókò tí Delacroix wà lẹ́nu èyí, àwọn òyìnbó mìíràn ń wo ẹṣin lọ́dọ̀ wa. Dixon Denham, tó wà ní Bọ̀rnó láàrin ọdún 1823 sí 1824, ya àwọn ẹlẹ́ṣin Ṣéù, ó sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé tó jáde ní ọdún 1826. Ó ní wọ́n fi pẹlẹbẹ irin, idẹ àti fàdákà bo orí àwọn ẹṣin náà, tó jẹ́ pé àyè ojú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826 kan náà, Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, kò sì tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1840, ọmọ ogun Ìbàdàn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1832, Delacroix bá ikọ̀ Count de Mornay lọ sí Mòrókò. Àlááfíà tó wà nínú ìrìn àjò náà kò mọ́: ọdún 1830 ni Faransé ti gba Algiers, wọ́n sì fẹ́ kí Mòrókò má dá sí i. Kò pẹ́ tí ó dé Tangier tí ó rí ẹṣin méjì tó ń bá ara wọn jà. Ó ń ya ìjà náà ní oríṣiríṣi títí di ọdún 1860. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, Sultan Moulay Abd al-Rahman gbà wọ́n lálejò ní Meknes lórí ẹṣin. Ní gbogbo ọ̀nà, ìwé kékeré wà lọ́wọ́ Delacroix. Lórí àwọn ìlà díẹ̀ tí ó fà, ó ń kán ọ̀dà olómi. Níbi tí àyè kò bá sì sí, orúkọ àwọ̀ ni ó ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, kí ó lè padà wá kùn ún. Nígbà tí wọ́n dé Toulon ní oṣù keje, ó fi àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ya àwòrán ọ̀dà olómi mejìdínlógún fún Mornay.

Ohun yìí gan-an ló gbà mí lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ràn èdè. Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta lọ: funfun, pupa, dúdú. Wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé e ni. Pupa fòò kì í ṣe pupa rúsúrúsú. Funfun báláú kì í ṣe àwọ̀ eérú. Dúdú kirikiri yàtọ̀ sí dúdú tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn. Ìpìlẹ̀ kan ni, a sì ń gbé ìpele lé e, gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán olómi ṣe ń fi ìṣù díẹ̀ àti omi púpọ̀ ṣe orí ẹṣin. Bí Delacroix bá gbọ́ Yorùbá ni, ó lè kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin kan ní ọ̀nà Meknes pé: iwájú orí, pupa rúsúrúsú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, pupa tó fẹ́ dúdú, ihò imú, dúdú kirikiri, eyinjú, kí a fi bébà sílẹ̀.